Oríṣìíríṣìí Àwòrán X-ray Eyín àti Iṣẹ́ tí Ọ̀kọ̀ọ̀kan Wọn Ń Ṣe

Ìfáárà

Nígbà kan tí a lọ ṣe àbẹ̀wò sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n wà lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, a jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí ọ̀kan nínú wọn ti ń fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ́tótó ara. Ìtọ́jú eyín ni orí ọ̀rọ̀. Ó ti sọ fún àwọn ọmọ náà pé kòkòrò ni ó máa ń jẹ eyín, ó sì ti ya kòkòrò ọ̀hún sí ojú pátákó, ó ya orí fún un, ó ya ẹsẹ̀ fún un. Ọmọdébìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Àǹtí, wọ́n ya X-ray eyín ìyá mi ní ọsibítù. Ṣé wọ́n rí kòkòrò náà nínú rẹ̀?" Akẹ́kọ̀ọ́ wa dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, pé ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ya àwòrán náà nìyẹn. Ìdáhùn yìí kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n a kò lè dá akẹ́kọ̀ọ́ náà lẹ́bi, nítorí pé nínú àwọn ìwé Yorùbá tí a fi lé e lọ́wọ́, kò sí èyí tí ó ti lè rí ìdáhùn tí ó tọ̀nà.

Ète iṣẹ́ yìí ni láti pèsè ìdáhùn náà. A ó ṣàlàyé ohun tí àwòrán X-ray eyín jẹ́, oríṣìí tí ó wà, ohun tí oníṣègùn ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wá, àti ibi tí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ. Èrò tí a dì mú ni pé kò sí àwòrán kan ṣoṣo tí ó ń fi gbogbo nǹkan hàn. Ìbéèrè tí oníṣègùn fẹ́ dáhùn ni ó ń sọ irú àwòrán tí yóò yà. Olùkọ́ èdè ni wá, a kì í ṣe oníṣègùn. Nítorí náà, a gbìyànjú láti fún oríṣìí kọ̀ọ̀kan ní orúkọ Yorùbá tí yóò sọ bí a ṣe ń yà á tàbí ohun tí ó ń fi hàn. Ẹni tí ó bá ní orúkọ tí ó dára ju tiwa lọ, kí ó má ṣe lọ́ra láti fi rọ́pò rẹ̀.

Òjìji ni àwòrán X-ray

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá ọdún 1895 ni Wilhelm Conrad Röntgen, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Würzburg ní ilẹ̀ Jámánì, ṣàkíyèsí ìtànṣán kan tí ojú kò lè rí ṣùgbọ́n tí ó ń gba inú páálí dúdú kọjá. Nítorí pé kò tíì mọ ohun tí ìtànṣán náà jẹ́, ó pè é ní X, lẹ́tà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò fi ń dúró fún ohun tí a kò tíì mọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1896, Otto Walkhoff, oníṣègùn eyín ní ìlú Braunschweig ní ilẹ̀ Jámánì kan náà, fi ìtànṣán yìí ya eyín ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú 25 ni ó fi wà lójú kan láìmira kí àwòrán náà tó jáde. Lóde òní, kì í tó ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ìtànṣán X-ray kì í ya àwòrán bí kámẹ́rà ṣe ń yà á. Kámẹ́rà ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ó ta padà láti ojú nǹkan. X-ray ní tirẹ̀ ń gba inú nǹkan kọjá, bí oòrùn ṣe ń gba inú aṣọ tí a sá sórí okùn kọjá. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní òjìji, ṣùgbọ́n òjìji aṣọ òfì a máa ṣú. Ìyàtọ̀ kan tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn ni pé òjìji inú àwòrán X-ray funfun ni: ibi tí ìtànṣán kò ti ráyè kọjá ni ó ń funfun, ibi tí ó ti ráyè kọjá ni ó ń dúdú.

Èèpo eyín, tí ó le ju ohunkóhun mìíràn lọ nínú ara ènìyàn, ni ó funfun jù nínú eyín. Ara eyín tí ó wà lábẹ́ èèpo yìí kò funfun tó o, ó rí bí eérú. Àárín gbùngbùn eyín, níbi tí iṣan àti ẹ̀jẹ̀ wà, èyí tí a ó pè ní mùdùnmúdùn eyín, ṣókùnkùn. Ìlà dúdú tín-ín-rín kan yí gbòǹgbò ká, lẹ́yìn rẹ̀ ni egungun àgbọ̀n tí gbòǹgbò rì sínú rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ èrìgì àti àjà ẹnu dáadáa láti inú ẹ̀kọ́ ìró èdè, níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀ nípa kọ́ńsónáǹtì àfèrìgìpè àti àfàjàpè. Èrìgì yẹn kan náà ni ó bo egungun tí à ń wí yìí. Irin tí oníṣègùn bá fi dí ihò eyín, funfun báláú ni.

Kòkòrò tí àwòrán kò rí

Ìgbàgbọ́ pé ohun abẹ̀mí kan tí ó dà bí ekòló ń gbé inú eyín kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ará Bábílónì àtijọ́, ó sì pẹ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Nínú ìwé tí Pierre Fauchard, oníṣègùn eyín ará Faransé, gbé jáde ní ọdún 1728, ó sọ pé òun fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wá kòkòrò náà, òun kò sì rí i. Ní ọdún 1890 ni Willoughby Miller, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Berlin, wá ṣàlàyé pé àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹnu ni wọ́n ń sọ ṣúgà àti oúnjẹ onísítáàṣì di ásíìdì, àti pé ásíìdì yìí ni ó ń yọ́ èèpo eyín díẹ̀díẹ̀.

Bí a bá wò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ náà, kòkòrò, kò ṣi àwọn baba wa lọ́nà jìnnà. Ohun abẹ̀mí wà nídìí ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́. Orí àti ẹsẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ wa yà fún un ni kò sí. X-ray kò lè fi kòkòrò àìfojúrí hàn rárá. Ibi tí wọ́n ti ba eyín jẹ́ ni ó ń fi hàn. Níbi tí èròjà líle inú eyín bá ti dín kù, ìtànṣán a ráyè kọjá, ibẹ̀ a sì dúdú. Èròjà náà ní láti ti dín kù tó nǹkan bí 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún kí ojú tó lè rí i nínú àwòrán. Ìdí nìyí tí ihò fi sábà máa ń jìn ju bí àwòrán ti fi í hàn lọ.

Àwọn àwòrán tí à ń yà láti inú ẹnu

Ibi tí a gbé fíìmù sí ni a fi ń pín àwòrán X-ray eyín sí ọ̀nà méjì: inú ẹnu tàbí ìta ẹnu. Láti ọdún 1987 tí ẹ̀rọ Francis Mouyen ti jáde ní ilẹ̀ Faransé ni pátákó pẹlẹbẹ kékeré tí ń fi àwòrán ránṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ti ń gba ipò fíìmù. A ó máa lo fíìmù fún méjèèjì, kí ọ̀rọ̀ wa má baà lọ́.

Àkọ́kọ́ ni àwòrán ìpayíndé, èyí tí Howard Raper ṣe àlàyé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1925. Òun ni a fẹ́ kí olùkọ́ mọ̀ jù, nítorí pé òun ni ó kan àwọn ọmọ ilé-ìwé jù. Orúkọ rẹ̀ ti sọ bí a ṣe ń yà á: fíìmù ní ìgbátí kékeré kan tí aláìsàn yóò pa eyín dé mọ́. Fíìmù yóò wà ní ìhà ahọ́n, ẹ̀rọ yóò wà ní ìhà ẹ̀rẹ̀kẹ́. Fíìmù àgbàlagbà sábà máa ń jẹ́ mílímítà 31 sí 41. Ti ọmọdé kò ju 22 sí 35 lọ. Orí àwọn eyín ẹ̀yìn tí a fi ń lọ oúnjẹ, tòkè tìsàlẹ̀, ni yóò jáde nínú àwòrán kan náà, ṣùgbọ́n gbòǹgbò wọn kò ní hàn tán.

Kí ni a ń fi èyí wá? Ibi tí eyín méjì ti fara kan ara wọn ni. Kò sí bí oníṣègùn ṣe lè tan iná sí ẹnu tó, kò sí bí dígí rẹ̀ ti lè mọ́ tó, ojú kò lè dé àárín eyín méjì tí wọ́n fún mọ́ra. Ibẹ̀ ni ìjẹrà eyín sì fẹ́ràn láti bẹ̀rẹ̀. Eyín ọmọ lè funfun kí ó máa dán lójú ìyá rẹ̀, kí ó sì ti máa jẹrà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú àwòrán ìpayíndé, òkùnkùn kékeré onígun mẹ́ta ni yóò kọ́kọ́ hàn nínú èèpo eyín. Bí kò bá tíì kọjá èèpo, tí ojú eyín kò sì tíì lu, a lè dá a dúró láìgbẹ́ eyín rárá: kí ọmọ máa fi ọṣẹ ìfọyín tí ó ní fúlóráìdì fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kí a dín ohun dídùn tí ó ń jẹ láàárín oúnjẹ kù, kí oníṣègùn sì máa ṣọ́ ọ. Bí ó bá ti wọ ara eyín lọ jìnnà, dídí ni. Bí ó bá dé mùdùnmúdùn, ìrora dé. Láàárín òkùnkùn kékeré yẹn àti ìrora, ó lè gba oṣù púpọ̀, àní ọdún mìíràn, nínú èyí tí ọmọ kò ní sunkún, tí òbí kò sì ní fura. Àkókò yìí ni àwòrán ìpayíndé wúlò fún. Àwòrán yìí tún ń fi hàn bí egungun tí ó di eyín mú bá ti ń wálẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí fún àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní èrìgì rẹ̀.

Èkejì ni àwòrán gbòǹgbò eyín. Èyí kì í gba ju eyín bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n ó ń fi wọ́n hàn láti orí títí dé ìdí gbòǹgbò, pẹ̀lú egungun díẹ̀ tí ó yí ìdí náà ká. Òun ni oníṣègùn ń yà bí eyín bá ń dùn, bí èrìgì bá wú tí ọyún sì wà níbẹ̀, bí ọmọ bá ṣubú ní pápá bọ́ọ̀lù tí eyín iwájú rẹ̀ mì tàbí dá. Òun ni ó tún ń fi wọn gígùn gbòǹgbò kí ó tó fọ inú rẹ̀ mọ́ kí ó sì dí i, dípò kí ó yọ eyín.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan ìwà tiwa. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín àfi bí ìrora kò bá jẹ́ kí a sùn mọ́jú, ọ̀rọ̀ tí a ó sì kọ́kọ́ sọ ni, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ọ́ dànù." Bí wọ́n bá ní kí a lọ ya X-ray, a ó ní owó ni wọ́n fẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n ìrora eyín a máa tanni jẹ. Iṣan tí ó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ pín dé ọ̀dọ̀ eyín púpọ̀, débi pé ẹni tí eyín ìsàlẹ̀ ń dùn lè nawọ́ sí tòkè ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ẹni tí ó bá yọ eyín láìwò ó lè yọ aláìṣẹ̀. Ti ọmọdé tún le ju èyí lọ. Lábẹ́ eyín àkọ́hù ni eyín tí yóò rọ́pò rẹ̀ ti ń dàgbà nínú egungun. Àwòrán gbòǹgbò ń fi méjèèjì hàn, ọ̀kan lórí, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bí a bá yọ eyín àkọ́hù tí ó wà lẹ́yìn ṣáájú àkókò rẹ̀, àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè fì sí àyè náà, èyí tí ń bọ̀ kò sì ní ríbi gbà jáde.

Àwòrán gbòǹgbò náà ní ibi tí agbára rẹ̀ pin sí. Egungun ní láti kọ́kọ́ bàjẹ́ kí òkùnkùn tó hàn ní ìdí gbòǹgbò, nítorí náà ẹni tí ìrora rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lánàá lè ya àwòrán lónìí kí ó má fi nǹkan kan hàn. Èyí kò sọ aláìsàn di òpùrọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni òjìji kì í sọ èyí tí ó wà níwájú àti èyí tí ó wà lẹ́yìn. Gbòǹgbò méjì tí ọ̀kan fara pamọ́ sẹ́yìn èkejì lè dà bí ẹyọ kan.

Ẹ̀kẹta, àwòrán àjà àti ilẹ̀ ẹnu, kò wọ́pọ̀ tó méjì ìṣáájú. Fíìmù rẹ̀ tóbi, mílímítà 57 sí 76, aláìsàn a sì gé e mọ́ àárín eyín bí ẹni gé búrẹ́dì. A fi ń wá eyín àléébù tí ó há sínú àjà, tàbí òkúta kékeré tí ó dí ojú ọ̀nà itọ́ lábẹ́ ahọ́n.

Àwọn tí à ń yà láti ìta ẹnu

Àwòrán àyíká àgbọ̀n ni ó gbajúmọ̀ jù nínú ọ̀wọ́ yìí. Yrjö Paatero, ará Finland, ni orúkọ rẹ̀ so mọ́ ọn jù láti ìparí àwọn ọdún 1940. Aláìsàn yóò dúró, yóò gbé àgbọ̀n lé orí ìtìlẹ̀ kan, ẹ̀rọ yóò sì rọra yí orí rẹ̀ ká fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 12 sí 20. Gbogbo eyín, tó jẹ́ 32 bí wọ́n bá pé, egungun àgbọ̀n tòkè tìsàlẹ̀, àti oríkèé àgbọ̀n lẹ́bàá etí, ni yóò tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní nínú àwòrán kan. A ń lò ó fún eyín ìkẹyìn tí ó há, tí kò ríbi hù sí. A ń lò ó fún ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ dá, bí àwọn tí ọ̀kadà gbé ṣubú. A sì ń lò ó fún èèmọ̀ inú egungun àgbọ̀n. Irú èèmọ̀ kan wà tí a ń pè ní ameloblastoma, tí àwọn oníṣègùn eyín Nàìjíríà mọ̀ dáadáa. Ó ń wú díẹ̀díẹ̀, kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀, nítorí náà àwọn ènìyàn a máa fi oríṣìíríṣìí nǹkan kun ún fún ọdún púpọ̀. Nínú àwòrán, ó lè rí bí ìfófòó ọṣẹ tí ó kó ara jọ. Kí a tètè rí i nígbà tí ó kéré ni ó ń sọ bí egungun tí a ó gé kò ṣe ní pọ̀.

Bí àwòrán yìí ti gbòòrò tó, kò mọ́ kedere tó àwòrán ìpayíndé. Òjìji àwọn eyín ẹ̀yìn a máa gun ara wọn lórí nínú rẹ̀, ihò kékeré tí ó wà láàárín wọn a sì bọ́ mọ́ni lójú. Ẹni tí wọ́n ti ya àyíká àgbọ̀n rẹ̀ tí wọ́n tún ní kí ó ya ìpayíndé, kí ó má ṣe rò pé wọ́n ń fi í ṣeré.

Àwòrán ẹ̀gbẹ́ orí ni a ń fi wọn bí àgbọ̀n òkè àti tìsàlẹ̀ ti bára mu kí a tó to eyín tí ó wọ́. Ọdún 1931 ni Broadbent ní Amẹ́ríkà àti Hofrath ní Jámánì gbé ìlànà rẹ̀ jáde, olúkúlùkù lọ́tọ̀. (Èjí kì í ṣe àìsàn, a kò sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti lọ dí i.) Irú àwòrán tí a yà láti ẹ̀gbẹ́ báyìí ti wúlò fún ìmọ̀ èdè náà: nínú àwòrán X-ray tí Daniel Jones gbé jáde ní ọdún 1917, a to ṣéènì òjé tín-ín-rín sórí ahọ́n kí ipò ahọ́n nígbà tí a bá ń pe fáwẹ̀lì lè hàn. Àwòrán ipò ahọ́n tí a ń yà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa nínú ẹ̀kọ́ ìró èdè, irú iṣẹ́ yìí ni ó ti í lẹ́yìn.

Èyí tí ó dé kẹ́yìn ni CBCT, tí ó jáde ní ilẹ̀ Ítálì ní ìparí àwọn ọdún 1990. Kọ̀ǹpútà ń to ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán pọ̀ títí a ó fi lè wo eyín níwájú, lẹ́yìn, àti láti òkè. Ó yanjú ìṣòro òjìji tí ó fara pamọ́. Ṣùgbọ́n ìtànṣán rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, owó rẹ̀ náà pọ̀, nítorí náà òun kọ́ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ewu

Edmund Kells, oníṣègùn eyín ní New Orleans, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ lo X-ray fún eyín ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1896. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi máa ń ṣiṣẹ́ nínú ìtànṣán láìní ààbò. Jẹjẹrẹ mú ọwọ́ náà. Wọ́n gé ìka, wọ́n gé ọwọ́, wọ́n gé apá. Ó kú ní ọdún 1928. Nítorí irú rẹ̀ ni oníṣègùn kì í fi ọwọ́ di fíìmù mú sẹ́nu aláìsàn mọ́, tí ó sì ń bọ́ sẹ́yìn ògiri kí ó tó tẹ ẹ̀rọ. Òbí tí ó bá rò pé, "Bí kò bá léwu, kí ló dé tí dókítà fi sá?" kò bèèrè ohun tí kò dára. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ pípẹ́ ni aláìsàn ń ya tirẹ̀. Oníṣègùn ì bá máa gbà á lójoojúmọ́ fún ọgbọ̀n ọdún.

Ìtànṣán kò ṣàjèjì sí wa. Ilẹ̀, òfuurufú àti oúnjẹ ń fún ènìyàn kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí 2,400 microsievert lọ́dún, bí a bá pín in dọ́gba káàkiri àgbáyé. Èyí jẹ́ nǹkan bí 6 sí 7 lóòjọ́. Àwòrán kékeré kan láti inú ẹnu sábà máa ń wà láàárín 1 sí 8, tí kò ju ti ọjọ́ kan lọ púpọ̀. Ti àyíká àgbọ̀n sábà máa ń tó ti ọjọ́ díẹ̀. Ti CBCT lè wọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Òfin tí àwọn onímọ̀ fi dè é ni pé kí a má yà á láìnídìí, bí a bá sì ní ìdí, kí ìtànṣán rẹ̀ mọ níwọ̀n tí yóò tó. Aláboyún ní láti sọ fún oníṣègùn, ṣùgbọ́n kí ó má tìtorí oyún fi eyín tí ó ń ṣọyún pamọ́. Ìtànṣán tí ó ń dé ilé ọmọ láti inú àwòrán eyín kéré púpọ̀púpọ̀. Ní ti aṣọ òjé tí a máa ń fi bo àyà aláìsàn, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn eyín Amẹ́ríkà sọ ní ọdún 1024 + 1000, ìyẹn 2024, pé kò pọn dandan mọ́, nítorí pé ẹ̀rọ òde òní ń darí ìtànṣán sójú kan. Ilé ìwòsàn tí ó bá ṣì ń lò ó kò ṣẹ̀. Ní Nàìjíríà, àjọ Nigerian Nuclear Regulatory Authority, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2001 lábẹ́ òfin ọdún 1995, ni ó ń fún àwọn tí ó ń lo ẹ̀rọ X-ray ní àṣẹ.

Lójú pátákó

Kíláàsì tí kò ní iná mànàmáná lè kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, níwọ̀n ìgbà tí pátákó rẹ̀ bá dúdú. Pátákó dúdú bá fíìmù X-ray mu ju ìwé funfun lọ. Kí olùkọ́ fi ṣọ́ọ̀kì funfun ya eyín méjì tí wọ́n fara kan ara wọn, tàwọn ti gbòǹgbò. Kí ó kun èèpo wọn kí ó ki gidigidi. Kí ó fi ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀kì ra ara eyín fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Kí ó fi mùdùnmúdùn sílẹ̀ láìkùn. Lẹ́yìn náà, kí ó pe ọmọ kan jáde, kí ọmọ náà fi ìka nu díẹ̀ kúrò nínú èèpo, níbi tí eyín méjèèjì ti pàdé. Kò sí orí, kò sí ẹsẹ̀. Kí ó wá bi àwọn yòókù léèrè pé, bí ẹni tí ó ni eyín yìí bá la ẹnu, ṣé a lè rí ibi tí ìka náà ti nù?